Bí Ẹ Ṣe Lè Di Oníbàárà Àwọn Oníṣòwò Látínò ní Chicago

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, nínú 100 ènìyàn tó ń gbé ìlú Chicago, nǹkan bíi 30 ló jẹ́ Látínò. Àwọn ará Mẹ́síkò ló pọ̀ jù, àwọn ará Puerto Rico tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Ecuador, Guatemala, Kòlóńbíà àti Kúbà náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rìn kọjá àárín ìlú, níbi tí àwọn ilé gogoro wà, kò ní rí wọn dáadáa. Àdúgbò ni ìsọ̀ wọn wà: ilé búrẹ́dì tí bàbá ti kọ́ ọmọ níṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran láti òwúrọ̀ kùtùkùtù Sátidé, ìsọ̀ aṣọ tí ìyá àgbà jókòó ti owó.

Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Chicago mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn dé ìwọ̀n kan. A ti lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹran ewúrẹ́ rí, a sanwó, a gba ilé lọ. Ohun tí mo ń fẹ́ fún yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ di oníbàárà, ẹni tí ọlọ́jà dá mọ̀ lójú, tó lè bá pa ọjà mọ́ dè é. Ẹni tó bá sáré yí ìlú po lọ́jọ́ kan tó ya fọ́tò káàkiri kò ṣe ìsọ̀ kankan láǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú òpópónà kan ṣoṣo, tó rìn ín létòlétò, tó tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, owó tirẹ̀ ló ń bá wọn san owó ilé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú òpópónà kan

Òpópónà mẹ́ta ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá bi mí. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹni tí kò bá rin irú ìrìn yìí rí, 18th Street ní àdúgbò Pilsen ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Pink Line ló ń lọ síbẹ̀, 18th náà sì ni orúkọ ibùdókọ̀ tí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ayàwòrán àdúgbò ti kun ògiri àti àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ náà, nítorí náà kí ẹ tó jáde sí títì lẹ ó ti mọ ilé ẹni tí ẹ dé. Àwọn ará Czech ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, orúkọ ìlú wọn ni wọ́n sì fi sọ àdúgbò náà. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 ni àwọn ará Mẹ́síkò wá kún ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yà sí National Museum of Mexican Art ní 19th Street. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣí i, wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí ẹ bá lo wákàtí kan níbẹ̀, ẹ ó mọ ìtàn ìkòkò, aṣọ àti ère tí ẹ máa bá pàdé ní àwọn ìsọ̀, ìsọ̀ kékeré tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù náà sì ń ta iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Mẹ́síkò. Owó ilé ti lọ sókè gan-an ní Pilsen, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sì ti kó lọ. Bí ẹ bá rí ilé kọfí tuntun tó ń dán gbinrin àti ìsọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ iye ọjà sára gíláàsì rẹ̀, èyí àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀.

Èyí tó gbòòrò jù ni 26th Street, ní àdúgbò Little Village tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní La Villita. Bọ́ọ̀sì 60 ló ń gba orí òpópónà náà kọjá. Ẹnu ibodè ńlá kan ló máa kí yín káàbọ̀, wọ́n kọ "Bienvenidos a Little Village" sí i lórí, aago kan sì wà lára rẹ̀ tí ìjọba Mẹ́síkò fi ta àdúgbò náà lọ́rẹ. Láti ibẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ìsọ̀ ni, ìsọ̀ ni, fún ìwọ̀n máìlì méjì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nílùú ni pé lẹ́yìn Michigan Avenue, kò sí òpópónà tí owó orí ọjà tó ń wọlé láti ibẹ̀ tó ti 26th. Àwọn ilé-iṣẹ́ olókìkí àgbáyé ló wà ní Michigan Avenue. Ní 26th, ìdílé ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń rí.

Ẹ̀kẹta ni Division Street ní Humboldt Park, ilé àwọn ará Puerto Rico. Àsíá Puerto Rico méjì tí wọ́n fi irin ṣe ló dábùú òpópónà náà, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ Western Avenue, èkejì ní ìhà California Avenue. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé wọn dúró, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ẹsẹ̀ bàtà 59. Ibi tó wà láàárín àsíá méjèèjì ni wọ́n ń pè ní Paseo Boricua, ẹsẹ̀ lẹ ó sì fi rìn ín láìsí wàhálà. Bọ́ọ̀sì 70 ló lọ síbẹ̀. Nínú ọgbà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, National Museum of Puerto Rican Arts and Culture wà nínú ilé tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ láyé àtijọ́.

Bí ẹ bá ti mọ àwọn wọ̀nyí tán, 47th Street ní Back of the Yards wà níbẹ̀, Belmont Cragin àti Albany Park náà ń dúró dè yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí

Òwúrọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè ló dára jù. Láti bí aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá, búrẹ́dì ṣì gbóná, ẹran ṣì wà, èrò kò sì tíì pọ̀. Bí ó bá di ọ̀sán Sọ́ńdè, àwọn ìdílé á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ó sì tò pẹ́. Àwọn ibi tó ń ta carnitas, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísè, lè tà tán kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìsọ̀ mìíràn kì í ṣí ní Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, nítorí náà ẹ pè kí ẹ tó jáde. Wákàtí tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ti yí padà.

Ẹ tún wo oṣù tí ẹ wà. Bí ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní bá ń bọ̀, wọ́n á máa ta rosca de reyes, búrẹ́dì olóbìírípo tí wọ́n fi ère ọmọdé kékeré pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí ère náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò ra tamales, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi háhá wé, fún gbogbo ilé ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, pan de muerto lẹ ó bá, búrẹ́dì tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí àwọn òkú wọn. Ní àwọn Fúráídè àárín ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń gbé ẹja àti edé síwájú dípò ẹran. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ará Puerto Rico á pọn coquito, ohun mímu àgbọn pẹ̀lú ọtí. Bí yìnyín bá bọ́, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri títì máa ń dín kù, ṣùgbọ́n àwọn ìsọ̀ kò ní pa dé. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n nílò oníbàárà jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ múra

Ẹ mú owó lọ́wọ́, kí ó sì jẹ́ ṣẹ́ńjì: dọ́là kan, dọ́là márùn-ún, dọ́là mẹ́wàá. Ìsọ̀ mìíràn kò gba káàdì rárá, òmíràn kò gbà á bí ohun tí ẹ rà kò bá tó iye kan, ẹni tó sì ń ti kẹ̀kẹ́ kò lè bá yín ṣẹ́ owó ńlá láàárọ̀. Ẹ mú àpò tó nípọn dání. Ẹ fi owó sórí káàdì Ventra yín kí ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè, nítorí ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí lè fi ìrìn náà sú yín.

Ẹ kọ́ gbólóhùn díẹ̀ nínú èdè Spéènì. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìkíni lédè onílé máa ń tú ojú ká. "Buenos días" ni títí di ọ̀sán, "buenas tardes" lẹ́yìn náà. "¿Cuánto cuesta?" lẹ ó fi béèrè iye. "Para llevar" tí ẹ bá máa gbé e lọ, "para aquí" tí ẹ bá máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. "Por favor" àti "gracias" kò gbọdọ̀ wọ́n lẹ́nu yín. Bí ẹ bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, "usted" ni kí ẹ lò, bí a ṣe ń lo "ẹ" nílé, kí ẹ sì fi "señora" tàbí "señor" kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọlé, ẹ kí ilé

Ẹ má kàn wọlé kí ẹ máa na ọwọ́ sí ọjà. Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ ará Mẹ́síkò láìkí ẹnikẹ́ni, ojú tí a fi ń wo ọmọ tí kò kí àgbà náà ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ kí ẹni tó wà nídìí owó, ẹ kí àwọn tó ń tò lórí ìlà tí ojú yín bá ṣe mẹ́rin. Bí ẹ bá ń kọjá lára àwọn tó ń jẹun, ẹ sọ pé "provecho". Wọ́n á dáhùn "gracias", ara á sì tù yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ra nǹkan. Ẹ má wọ ìsọ̀ kékeré láti wá wo ìran, kí ẹ tún jáde lọ́wọ́ òfìfo. Búrẹ́dì kan tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ rà, ẹ jẹ

Ilé búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní panadería ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ kò nílò láti mọ orúkọ ohunkóhun. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí tíréè irin tí wọ́n tò léra, ẹ̀mú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ mú tíréè kan àti ẹ̀mú kan. Ẹ máa rìn lọ lára àwọn àpótí gíláàsì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra yín, ẹ fi ẹ̀mú gbé èyí tó wù yín sórí tíréè. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án, bí ẹ bá sì ti gbé e, ẹ má dá a padà. Concha ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: búrẹ́dì rọ̀bọ̀tọ̀ tó fúyẹ́, ṣúgà tí wọ́n fi bo orí rẹ̀ ti sán nílànílà bí ẹ̀yìn ìkarahun, funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ṣokoléètì. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú tó sì padà dìde, ti àárọ̀ yẹn ni. Ẹ gbé tíréè lọ sídìí owó. Obìnrin tó wà níbẹ̀ á fi ojú kà á, á kó o sínú àpò bébà, á sì pe iye kí ẹ tó mú owó jáde tán. Owó rẹ̀ kéré débi pé ẹ lè ra oríṣi mẹ́fà kí ẹ tọ́ gbogbo wọn wò nílé.

Carnitas ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Michoacán ní Mẹ́síkò ń sè nínú ọ̀rá rẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú agbada bàbà ńlá, títí yóò fi rọ̀. Ìwọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń tà á. Ní 18th Street, Carnitas Uruapan ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ọdún 1975. Ẹni tó dúró nídìí pákó ìgẹran á bi yín léèrè irú èyí tí ẹ fẹ́. Ẹran gidi tí kò lọ́ràá ni maciza, awọ rírọ̀ ni cueritos, àdàlù gbogbo rẹ̀ ni surtida. Surtida ni èmi á ní kí ẹ mú, nítorí awọ náà ló ń fún ẹran ládùn. Bí ó bá fi ọ̀bẹ na ègé kékeré kan sí yín láti tọ́ wò, ẹ gbà á, bí ọjà ṣe ń lọ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ béèrè tortilla gbígbóná (búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo tàbí fúláwà ṣe), àlùbọ́sà gígé, ewé cilantro, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata lílọ̀. Ata wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: èyí tó tutù wà, èyí tó máa mú omi jáde lójú wà. Ẹ fi bíńtín tọ́ ọ wò kí ẹ tó dà á lé oúnjẹ, bó ti wù kí ata máa ta nílé yín tó.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹran ewúrẹ́, kí ó wá lọ sí Pulaski Road ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ìlú, níbi tí Birrieria Zaragoza wà. Ìdílé kan tó wá láti La Barca ní ìpínlẹ̀ Jalisco ló dá a sílẹ̀ ní 2007. Wọ́n á fi ooru omi se ewúrẹ́ náà pẹ́, wọ́n á fi ata pa á lára, wọ́n á tún gbé e sínú ààrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ọbẹ̀ tòmátì sí i nínú àwo. Ẹ sọ pé "con hueso" bí ẹ bá fẹ́ eegun. Ọmọ Yorùbá tó bá jẹ ẹ́ tí kò tún padà lọ, ó ní láti jẹ́ pé ó kó kúrò ní Chicago.

Ní Humboldt Park, jibarito ni kí ẹ wá lọ. Chicago ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1996, Juan Figueroa gbé e jáde ní ilé oúnjẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ Borinquen: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù ni wọ́n máa dín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á tún dín in, òun ló máa dípò búrẹ́dì. Ẹran màlúù, wàràkàṣì, ewé létúùsì, tòmátì àti òróró aáyù á wà láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tutù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á le.

Ẹ má fo àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ dá. Láàárọ̀, wọ́n ń ta tamales nínú ike tó ń mú nǹkan gbóná, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ẹran tàbí ata sí láàárín tí wọ́n wá fi háhá àgbàdo wé, pẹ̀lú champurrado, mímu àgbàdo àti ṣokoléètì tó ki. Lọ́sàn-án, elote lẹ ó rí, àgbàdo sísè tí wọ́n fi mayonnaise, wàràkàṣì àti ata gígún pa lára, àti màǹgòrò tàbí ìbẹ́pẹ gígé pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lé àwọn ènìyàn yìí káàkiri, tí wọ́n ń ní kí wọ́n san owó ìtanràn, kí ìgbìmọ̀ ìlú tó ṣòfin ní 2015 tó jẹ́ kí wọ́n lè gba ìwé àṣẹ. Ẹ má ná owó tamal kan mọ́ obìnrin tó ti jí láti ọ̀gànjọ́ òru sè é. Iye tó bá pè ni kí ẹ san.

Fún ohun mímu, agua de jamaica ni èmi ń kọ́kọ́ béèrè. Òdòdó tí a fi ń ṣe zobo ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnu yín á mọ̀ ọ́n. Horchata tí wọ́n fi ìrẹsì àti canela (sínámónì) ṣe náà dára, àmọ́ ó dùn púpọ̀.

Ní ibi tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ wá bá yín lórí tábìlì, ẹ fi owó kún un fún ẹni tó gbé e wá, dọ́là méjìdínlógún sí ogún lórí ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ẹ ti dúró rà á, ẹ ju dọ́là kan sínú ìgò tó wà níbẹ̀.

Fún àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Mùsùlùmí tàbí ẹnikẹ́ni tí kì í fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní láti fara balẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rá rẹ̀ máa ń wọ ibi tí ojú kò rí. Manteca ni wọ́n ń pè é. Ó lè wà nínú ẹ̀wà lílọ̀, nínú ìyẹ̀fun tamales, nínú tortilla tí wọ́n fi fúláwà ṣe, kódà nínú búrẹ́dì mìíràn. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ há sórí: "¿Lleva puerco?" fún ẹran rẹ̀, àti "¿Lleva manteca?" fún ọ̀rá rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní méjèèjì, torí ẹni tó ní kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ lè má ka ọ̀rá mọ́ ọn. Tortilla tí wọ́n fi àgbàdo ṣe kì í sábà ní ọ̀rá. Ewúrẹ́ tàbí adìyẹ tí wọ́n ń tà kì í ṣe halal àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀. Èso, elote, ẹja àti ohun mímu ló ń gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ra nǹkan ọbẹ̀

Ìsọ̀ oúnjẹ tútù wọn ni ọmọ Yorùbá ti máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Plátano verde ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù, maduro ni pípọ́n. Yuca ni ẹ̀gẹ́, ñame ni iṣu, yautía jẹ́ ẹbí kókò, gandules sì ni òtílí. Ata habanero ló sún mọ́ ata rodo jù nínú ata wọn. Flor de jamaica gbígbẹ, òdòdó zobo, wà nínú àpò náílọ́ọ̀nù, ó sì lè dínwó ju èyí tí ẹ ń rà lọ.

Ibi ẹran, carnicería, ni kí ẹ pẹ́ sí. Chivo ni ewúrẹ́, pata de res ni ẹsẹ̀ màlúù, panza ni ṣàkì, lengua ni ahọ́n, cola ni ìrù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń la eegun. Ẹ sọ pé "¿Me lo corta en pedazos, por favor?", kí ẹ sì fi ìka yín fi bí ègé náà ṣe máa tóbi tó hàn wọ́n, torí bí wọ́n ṣe ń gé e fún ọbẹ̀ tiwọn lè tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀mejì sọ́dọ̀ alápatà kan náà, ní ìgbà kẹta òun ni yóò bi yín bóyá bí ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọjá oúnjẹ

Ní 26th Street, aṣọ quinceañera ló gba ojú gíláàsì kan: ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ọmọbìnrin máa ń wọ̀ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún. Aránṣọ wà nínú àwọn ìsọ̀ yìí, wọ́n á wọn ara ọmọ, wọ́n á sì tún aṣọ ṣe. Ẹni tó bá ń wá aṣọ ìyàwó tàbí aṣọ àpèjẹ fún ọmọ, kí ó débẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìtajà ńlá. Bàtà awọ gíga, bẹ́líìtì àti fìlà náà wà. Lórí irú ọjà yìí, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé "¿Es lo menos?", ìyẹn ni pé ṣé iye tó kéré jù nìyẹn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fà á mọ́.

Botánica ni ìsọ̀ tó yẹ kí ọmọ Yorùbá fara balẹ̀ wọ̀ jù. Ẹ ó rí àbẹ́là inú gíláàsì, ewé gbígbẹ, ọṣẹ, lọ́fínńdà agua de Florida, àti ìlẹ̀kẹ̀: pupa àti funfun fún Changó, búlúù àti funfun fún Yemayá, yẹ́lò fún Ochún. Ère Santa Bárbara, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, lè wà níbẹ̀, Changó náà ni wọ́n fi ń ṣojú. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló gbé Ṣàngó, Yemọja àti Ọ̀ṣun dé ibẹ̀, àwọn ọmọ Kúbà àti Puerto Rico ló sì gbé wọn wá sí àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Ẹni tó ni ìsọ̀ náà lè jẹ́ olórìṣà tí wọ́n ti ṣe orí rẹ̀. Ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ lè sọ pé Yorùbá ni yín. Ọ̀rọ̀ lè gùn láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tún ohùn ẹnu rẹ̀ ṣe, ẹ má sì sọ fún un pé bí a ṣe ń ṣe é nílé kọ́ nìyí. Wọ́n pa á mọ́ lábẹ́ pàṣán, ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí wọn. Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò tàbí ojúbọ, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó wo nǹkan fún yín, consulta nìyẹn, ó ní ọjọ́ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Kristẹni tàbí Mùsùlùmí náà lè wọlé kí onílé, kí ó ra àbẹ́là tàbí ọṣẹ kan, kí ó sì jáde lálàáfíà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ mọ ẹni tó ni ìsọ̀

Gbogbo ibi tí wọ́n bá kọ èdè Spéènì sí lórí kọ́ ni Látínò ni. Nínú àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá tó kún fún oúnjẹ Mẹ́síkò ní Chicago, ìdílé tó wá láti Gíríìsì ló dá òmíràn sílẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má rajà níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí owó yín dé ọwọ́ tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ wádìí. Ẹ wo ògiri: fọ́tò bàbá tàbí ìyá tó dá a sílẹ̀, orúkọ ìlú wọn, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ fúnra wọn sí ojú ìwé wọn lórí Google Maps. Illinois Hispanic Chamber of Commerce àti Little Village Chamber of Commerce náà wà fún ẹni tó fẹ́ wádìí. Èyí tó sì rọrùn jù ni kí ẹ bi onísọ̀ pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú wọn máa ń dùn láti sọ ọ́.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni: ìbéèrè nípa ìwé ìgbélùú. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2025, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wíwọ̀lú ya bo Chicago, ojú wọn sì wà ní Little Village. 26th Street dá páropáro ní ọjọ́ mìíràn, àwọn onísọ̀ kan ti ilẹ̀kùn, oníbàárà á kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn títì, ẹ kàn án, ẹ dúró, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ má ya fọ́tò òṣìṣẹ́ tàbí oníbàárà láìgba àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ya oúnjẹ, ẹ ya oúnjẹ nìkan. Àwa tí a tún ń sá kiri nítorí ìwé mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ padà lọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sí ìsọ̀ kan ó kéré tán. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù tààrà bí ẹ bá fẹ́ oúnjẹ, torí àwọn áàpù tó ń gbé oúnjẹ kiri máa ń gé nínú owó wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ nípa wọn sórí Google, kí ẹ dárúkọ ohun tí ẹ jẹ. "Surtida wọn rọ̀" ń ran ẹni tó ń wá ibi tó máa jẹun lọ́wọ́ ju "ibẹ̀ dára" lọ.

Ibi tí a ti lè ṣe wọ́n lóore jù ni òde wa. Ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege: owó kékeré kọ́ là ń ná. Àkàrà òyìnbó tres leches, tí wọ́n fi oríṣi wàrà mẹ́ta rin, máa ń tán kí ọ̀pọ̀ àlejò tó mọ̀ pé ó wà. Docena, ìyẹn méjìlá méjìlá, ni wọ́n fi ń ta tamales. Taquero kan, ẹni tó ń dín ẹran sínú tortilla, lè gbé irin ìdínran rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn yín kó máa dín ẹran níwájú àlejò, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù láìsí ìjà. Ẹ sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí ó bá jẹ́ oṣù Kejìlá, kí ó tó oṣù kan. Ẹ sọ iye ènìyàn, ẹ sọ bóyá àwọn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, kí irin tí wọ́n máa fi dín tiwọn lè yàtọ̀. Wọ́n á gba anticipo, owó ìdádúró. Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á sí i. Ní ọjọ́ tó ṣáájú òde, ẹ tún pè wọ́n, ẹ tún àdírẹ́sì àti aago sọ, kí ẹ sì jẹ́ kí aago tí ẹ máa sọ fún wọn jẹ́ aago tí oúnjẹ máa jáde gan-an, torí wọn á dé lásìkò.